Asẹ́ Kẹta Yàrá Ìdìpọ̀

N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe, ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, ní Limbe níbí. Ọ̀sán gangan ni gbogbo rẹ̀. Kò sí òkùnkùn tí mo lè di ẹ̀bi rù.

Ìyẹ̀fun ẹ̀kọ ọmọdé là ń ṣe. Iṣẹ́ tèmi ni afẹ́fẹ́. Èmi ni mo ń yan asẹ́ tí wọ́n ń fi sí ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù, kí afẹ́fẹ́ ìta má baà gbé ìdọ̀tí wọlé bá oúnjẹ. Yàrá ìdìpọ̀ ló gba ìṣọ́ra jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá. Asẹ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àkọ́kọ́ ń mú ewé àti kòkòrò. Èkejì ń mú eruku. Ẹ̀kẹta ń mú ohun tí ojú kò rí, irú èyí tó ń mú kí ìyẹ̀fun bu nínú ọ̀rá, tí ọmọ tó bá jẹ ẹ́ yóò fi máa yàgbẹ́ gbuuru.

Inú yàrá yìí ni àbúrò mi, Nachisale, ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà, èmi náà ni mo wá iṣẹ́ yẹn fún un, mo sì fi ṣe fáàrí káàkiri àdúgbò.

Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ń sun oko, tí eérú ń fò káàkiri ìlú, asẹ́ kẹta ya. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n ra òmíràn. Ọ̀gá wa, Kapalamula, ka ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Limbani, ṣé asẹ́ lo fẹ́ rà ni àbí ọkọ̀ òfuurufú?"

"Ọ̀gá, òun nìkan ló yẹ yàrá yẹn."

"Oṣù kejìlá ló máa tó dé láti òkè òkun. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀. Kí la máa fi dí ihò yẹn? Orí ẹ?"

Mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ wá nǹkan ṣe sí i. Ṣebí ìwọ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ẹ̀rọ."

Mo wá nǹkan ṣe sí i. Mo ya ohun tó kù kúrò lára férémù, mo gbé férémù náà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní ọjà. Ó bá mi rán aṣọ funfun sí i, ó ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi ti ojúlówó. Ó dára lójú. Inú mi tilẹ̀ dùn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ó ku bébà pélébé tó wà létí férémù. Nílé iṣẹ́ wa, asẹ́ tí bébà rẹ̀ bá ṣófo kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìdìpọ̀. Ìpele asẹ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìyẹn bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Aṣọ ọjà kò ní ìpele kankan. N kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ irọ́. Nachisale ń kọjá lọ, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é.

"Wá kọ orúkọ ẹ síbí."

"Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kọ ìpele sí nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ta ló ń kà á? Kí wọ́n ṣáà ti rí i pé nǹkan wà níbẹ̀."

"Ẹ má kó bá mi o."

"Èmi? Kó bá ìwọ? Kọ ọ́ jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Àwọn olùbẹ̀wò wá, wọ́n wo férémù, wọ́n mu tíì, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo yọ àwọn asẹ́ náà wò. Àkọ́kọ́ dúdú. Èkejì pupa fún eruku. Ẹ̀kẹta funfun. Ó funfun bí ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ aránṣọ. Mo fi ìka nù ún, ìka mi mọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn. Bẹ́ẹ̀ aṣọ lásán ni, kò yẹ kó dá ohunkóhun dúró. Tí kò bá sì dá nǹkan dúró, inú ìyẹ̀fun ló yẹ ká ti rí i. Wọ́n yẹ ìyẹ̀fun wò. Wọ́n ní kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Kapalamula gbá mi léjìká. "Ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n! Kí òyìnbó máa gbé asẹ́ tiwọn lọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Nachisale bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ikọ́ gbígbẹ ni. Ó fi pamọ́ fún mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó tú etí aṣọ ìró rẹ̀ hàn mí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Eérú ni, lẹ́búlẹ́bú, pẹ̀lú ègé koríko tó jóná. Dókítà ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó bi í léèrè ọdún tó ti lò nínú ihò kùsà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò kúrò ní Limbe rí!

Mo yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo dáná sun aṣọ yẹn pẹ̀lú férémù àti bébà tí orúkọ rẹ̀ wà, mo dúró tì í títí ó fi jóná tán. Mo yá ojúlówó asẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Mo fi í sí ihò yẹn. Nígbà tí mo yọ ọ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, funfun lòun náà. Àbúrò mi wà nílé, ó ń tu eérú sínú abọ́.

Ilé wa kò jìnnà, ẹ̀yìn ọgbà ilé iṣẹ́ gan-an ni. Èèyàn ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà nínú yàrá ìjẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń jẹ nsima, ìyẹn òkèlè àgbàdo, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́. Ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé asẹ́ lẹ máa fẹ́ ni? Gbogbo ẹgbẹ́ yín ti ní..."

Iná lọ.

Ìró ẹ̀rọ náà rọlẹ̀, ó kú. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Mo gbójú sókè. Òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àyà rẹ̀ kò lọ, kò bọ̀. Kò jà, kò fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ó kàn dúró. Ojú rẹ̀ ń wò mí.

Mo pè é. Mo mì í. Ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èémí kankan.

Jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀. Àyà àbúrò mi gbéra sókè, díẹ̀díẹ̀.

"...ọmọ," ó wí. Ó wo ọwọ́ mi. "Kí ló dé tẹ́ ẹ dì mí mú?"

"Iná lọ."

"Ìgbà wo?"

Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta n kò lè wò ó, mo kọjú sí ògiri, mo ń dúró de ìró jẹnẹrétọ̀.

Láti ìgbà náà, mo di aṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo ń pààrọ̀ asẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ohun tó ń dé àyà àbúrò mi lè dín kù. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá Kapalamula, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Ṣé o ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn?" ó ní.

"Rárá, Ọ̀gá."

"Má sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ ń kó lọ sí Lilongwe, wọ́n ti kọ́ tuntun síbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò pa ẹ̀rọ yàrá ìdìpọ̀, wọn yóò sì tú u palẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Kapalamula. Ó ń kó ìwé sínú páálí, kò wo ojú mi.

Ọjọ́rú lònìí. Àwọn aládùúgbò wá kí Nachisale láàárọ̀. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú yí i ká, wọ́n gbàdúrà gidigidi pé kí ikọ́ náà dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ṣe àmín. Gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n sì yíjú sí mi.

N kò lè ṣe àmín. Mo mọ aago tí ikọ́ náà yóò dáwọ́ dúró.