Àwọn Tó Ń Ṣe Àmín Nínú Kọ̀ǹpútà Ọlọ́runníyì

Kọ̀ǹpútà náà ní òun ti gbá gbogbo pàǹtírí inú òun dànù, àyàfi ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn kò ṣeé gbá. Ó ní ẹnìkan ṣì ń lò ó lọ́wọ́.

Fẹ̀yìntọlá bojú wẹ̀yìn. Òun nìkan ló wà nínú pálọ̀. Òwúrọ̀ Sátidé ni, oòrùn ti wọlé dé ẹsẹ̀ àga, àwọn ará àdúgbò Òkè-Àró sì ń gbá ojúde wọn. Ọkọ rẹ̀, Ajíhìnrere Ọlọ́runníyì, ló fi àṣà yìí sílẹ̀ fún un kó tó sùn nínú Olúwa: ọjọ́ tí a bá gbálé, ọjọ́ náà ni kí a gbá kọ̀ǹpútà. Ó ti fi sọ́fítíwìà kan sínú rẹ̀ tó máa ń ṣa àwọn àjẹkù iṣẹ́ jọ, àwòrán tó di méjì, ohun tí a ti pa rẹ́ tí kò tíì lọ tán. Obìnrin náà á tẹ ibi tó yẹ, gbogbo rẹ̀ á sì pòórá.

Ó tún un tẹ̀. Èsì kan náà ni. Ó sún mọ́ ọn wò: ohùn tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ ni, déètì ọjọ́ òní ló sì wà lára rẹ̀. Ì bá ti fi í sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ni Ọlọ́runníyì wí.

Ohùn rẹ̀ ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa imú tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Àdúrà ìdílé ló ń darí, bó ti máa ń ṣe. “Olúwa, kó wa jọ. Má jẹ́ kí ẹnìkan ṣẹ́kù sẹ́yìn nínú wa.” Ó dánu dúró, àwọn kan sì dáhùn lẹ́yìn rẹ̀: “Àmín.” Wọn kò pọ̀. Ikọ́ kan tẹ̀lé Àmín náà, ikọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti kú ṣáájú ọmọ.

Ìwé Mímọ́ kò fi èyí pa mọ́ fún wa. Òkú kò mọ ohun kan, ẹni tó bá sì ń wádìí lọ́dọ̀ òkú, ìríra ni lójú Olúwa. Ọlọ́runníyì fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù àti obìnrin Ẹ́ńdórì wàásù títí ohùn rẹ̀ fi há. Fẹ̀yìntọlá mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùsùn opó tutù, ilé náà sì dákẹ́ jù. Ó yọ àmì kékeré tó wà níwájú ohun náà, kí sọ́fítíwìà má baà gbìyànjú láti gbá a mọ́. Àdúrà ṣáà ni, ó wí fún ara rẹ̀. Ta ni àdúrà ń pa lára?

Láti ìgbà náà, bó bá ti gbá kọ̀ǹpútà tán ní Sátidé, á jókòó tì í, á dijú. Ọkọ rẹ̀ á gbàdúrà. Òun náà á ṣe Àmín.

Ní Sátidé kan, Bàbá Adépọ̀jù, alàgbà ìjọ wọn, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún un láti oko rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ àdúrà náà. Ó ṣí fìlà, ó sì fa Àmín bó ti máa ń fà á tí àwọn ọmọ Sunday school fi ń sín in jẹ: “Àààààmín!”

Fẹ̀yìntọlá sáré pa ohùn náà.

“Ìyá Ìyìn, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ wá fi ṣe ọkọ báyìí ni?”

“Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni, bàbá.”

“Ó dáa. Tèmi bá kú, ẹ má kì mí sínú àpótí yẹn o. Ooru á pa mí.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n bá bàbá náà nínú ahéré oko rẹ̀. Ó jókòó, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, bí ẹni tó ń dúró kí àdúrà parí. Ó ti tutù.

Nígbà tí Sátidé pé, Fẹ̀yìntọlá ṣí ohùn náà. “Olúwa, kó wa jọ,” ni Ọlọ́runníyì wí, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dáhùn. Láàárín wọn, ẹnìkan ń fà á: “Àààààmín!”

Àmín mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ti obìnrin, tín-ín-rín, tó ń gbọ̀n díẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà kò ṣàjèjì sí i. Ó jọ ti Ìyìnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń kàwé ní Oǹdó.

Ó dá àmì kékeré náà padà, ó ní kí sọ́fítíwìà gbá a. *Ẹnìkan ṣì ń lò ó lọ́wọ́.* Ó ta òróró sí kọ̀ǹpútà, ó fi orúkọ Jésù pàṣẹ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. *Ẹnìkan ṣì ń lò ó lọ́wọ́.* Ó pe Ìyìnolúwa, fóònù kò lọ. Ó wá ṣe ẹ̀dà ohùn náà sórí fóònù tirẹ̀, nítorí ó rò pé pásítọ̀ yóò ní láti gbọ́ ọ, ó sì gba gáréèjì lọ wọ ọkọ̀ Oǹdó. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa kọjá Bọ́lọ́rundúró, àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: kí Olúwa mú òun, kó fi ọmọ sílẹ̀.

Ìyìnolúwa ń fọṣọ níwájú ilé tó ń gbé ní Yaba, l'Óǹdó.

“Mọ́mì! Ẹ ò tiẹ̀ pè! Ṣé ẹ wá ká mi mọ́ ni? Kò sí ọkùnrin kankan o, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, tọṣẹ tomi.

“Kí ló dé? Iná ni wọn ò mú wá, ìyẹn ni fóònù mi ṣe kú. Mọ́mì, ta ló kú?”

Wọ́n wọlé. Fẹ̀yìntọlá fi ìtìjú rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ,” ló wí, ó gba fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ó gbọ́ bàbá rẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ìyá bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ Bàbá Adépọ̀jù. Nígbà tó kan ohùn tín-ín-rín yẹn, ó gbójú sókè, ó ń wo ìyá rẹ̀.

“Mọ́mì, èmi kọ́ nìyí.” Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń jí aláìsàn. “Ẹ̀yin ni. Ohùn yín nìyẹn. Ẹ kò mọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa ń dún?”

“Ọpẹ́ ni fún Jésù,” ni Fẹ̀yìntọlá wí. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Òun ni, kì í ṣe ọmọ. Gbogbo Sátidé ló ti ń ṣe Àmín sí àdúrà náà. Kí ló fẹ́ fi ṣe ẹlòmíràn? Bàbá Adépọ̀jù pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan péré, láti ẹnu ọ̀nà—

Ìgbà náà ló yé e: Àmín ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó.

Fóònù náà kò tíì dákẹ́. “Olúwa, kó wa jọ,” ni Ọlọ́runníyì tún ń wí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Má jẹ́ kí ẹnìkan ṣẹ́kù sẹ́yìn nínú wa.”

Ó dánu dúró. Ìyìnolúwa, ọmọ tí wọ́n fi àdúrà àárọ̀ tọ́ dàgbà, dijú.

Fẹ̀yìntọlá fò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Kò gbọ́ ohun kan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ètè ọmọ náà ti pàdé, wọ́n sì ti là.