Ọ̀nà Tí Àǹtí Amọ̀nà Júwe fún Wọn

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Oníjígí kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wá sí ọ́fíìsì Àǹtí Amọ̀nà. Ó gbé àpò ńlá méjì lọ́wọ́, ó há ẹ̀kẹta mọ́ abíyá. Kó tó kí i tán, ọ̀kan nínú àwọn àpò náà ya, ìwé sì dà káàkiri ilẹ̀: ìwé ìṣirò, ìwé ìtàn, ìwé nípa ẹyẹ, káàdì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní, ó ti kúnlẹ̀ tó ń ṣa wọ́n. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń ran àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé lọ́wọ́. Ẹ bá mi wo wàhálà tí mo kó ara mi sí. Mi ò mọ èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀ mọ́."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ bá a ṣa ìwé. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ dé egungun.

"Ìṣirò nìkan, oríṣi mẹ́fà ni mo ti rà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lónìí, ẹnì kan á jáde lórí fóònù lọ́la, á ní ìwé yẹn gan-an ló ba ọpọlọ ọmọ òun jẹ́."

"Ẹ̀yin náà á sì sáré lọ ra òmíì."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo yín lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà," ó ní, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni wọ́n ṣe pàdé, lórí eékún.

Iṣẹ́ tí Àǹtí Amọ̀nà ń ṣe nìyẹn. Ó ti ṣe olùkọ́ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gba yàrá kan lókè ilé ìtajà oògùn. Àwọn òbí tí orí wọn ti dàrú ló ń wá bá a níbẹ̀. Kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń pè wọ́n, ìwé ń pè wọ́n, olùkọ́ tó ń wá kọ́ni nílé ń pè wọ́n, ẹlòmíì ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa ṣeré títí yóò fi wù ú láti kàwé. Yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa yọ nǹkan kúrò díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ìwọ̀nba tí apá wọn ká. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ. Òun á ti fèrèsé, á gba ilé lọ.

Ilé rẹ̀ dákẹ́ jù. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, ìgbàgbé arúgbó sì ti mú bàbá náà lọ jìnnà. Obìnrin kan láàárín àdúgbò ló máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án. Bí Àǹtí Amọ̀nà bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lálẹ́, á ní, "Ẹ ṣeun o, màdáámù. Ẹ kú ìtọ́jú mi." Ọmọ tó bí ló ń kí bí àlejò. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú mìíràn pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, ó ń pè lórí fóònù bí àyè bá gbà á. Nígbà mìíràn, Àǹtí Amọ̀nà á tan rédíò sílẹ̀ nítorí kí ó ṣáà lè gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ibi tó wà.

Oníjígí ní kó wá wo ọmọ òun fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ọjà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, níbi tó ti ń yẹ ojú wò fáwọn èèyàn tó sì ń gé jígí ojú fún wọn. Lẹ́yìn káńtà, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá jígí wà, ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sórí àga tó ga jù fún un, ó ń yàwòrán. Ìyá Kékeré ni bàbá rẹ̀ ń pè é.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń dákẹ́ báyìí," Oníjígí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ní ilé ẹ̀kọ́, kì í jẹun, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn ọmọ yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo mú un wálé. Mo rò pé tí mo bá ṣáà rí ìwé tó tọ́…"

Àǹtí Amọ̀nà jókòó ti ọmọ náà, kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹyẹ kan tó burú jáì. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, adìẹ nìyẹn àbí bàtà?"

Ẹnu ya bàbá rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn ọmọ ò tíì jáde rárá.

Láti ìgbà náà, Àǹtí Amọ̀nà ń dé ṣọ́ọ̀bù náà déédéé. Ó ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò kan ṣoṣo, kí wọ́n mú ìwé kíkà kan, kí wọ́n máa sọ ìtàn. Wọ́n di ìyókù sínú páálí, wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn òbí mìíràn. Oníjígí ní òun ti ń rí oorun sùn. Ó máa ń po tíì sílẹ̀ dè é. Bó bá pẹ́, tíì á tutù, á dà á nù, á po òmíràn, kò sì ní jẹ́ kó mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Oníjígí rí Àǹtí Amọ̀nà tó ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka nǹkan.

"Ẹ jókòó síbí," ó ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń la ọ̀nà fáwọn èèyàn, ẹ̀yin alára ò ríran."

Ó fi férémù irin sí i lójú, ó ń pààrọ̀ jígí inú rẹ̀. "Èyí àbí èyí?"

"Bákan náà ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ ò rí i, gbogbo wọn ń jọra lójú mi."

"Ẹ̀san ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá mi sọ nípa ìwé ìṣirò nìyẹn," ó ní. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí férémù fi fẹ́ẹ̀ já bọ́.

Ó wá mú iná kékeré, ó sún mọ́ ọn láti wo inú ẹyinjú rẹ̀. "Ẹ wo òkè. Ẹ wo etí mi. Ẹ má mira." Àǹtí Amọ̀nà ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti wo ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi lé róró sí i lójú, ó sì dúpẹ́ pé iná wà tó lè dẹ́bi fún.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" ọkùnrin náà bi í pẹ̀lẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní ẹ̀yin. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Nígbà tí Àǹtí Amọ̀nà sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, onítọ̀hún pariwo lórí fóònù. "Ọkùnrin ọlọ́mọ? Tí ìyàwó ẹ̀ kú? Ṣé wàhálà Bàbá ò tíì tó ọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ta ló ń bi ọ́ ní ti ìfẹ́? Ta ló máa wà pẹ̀lú Bàbá ni mò ń bi ọ́."

Ìbéèrè náà wọlé, ó jókòó sínú ilé náà, kò sì lọ mọ́.

Nígbà tí àkókò òjò ń parí lọ, ìyá tó bí olóògbé ìyàwó Oníjígí wá sílùú. Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, ó sì mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin mẹ́ta dání. Àbúrò olóògbé ló bí àwọn yẹn, ilé ni òun náà sì ti ń kọ́ wọn, nínú ọgbà Ìyá Àgbà létí òkun.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, Àǹtí Amọ̀nà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ìyá Kékeré sáré jáde lẹ́yìn káńtà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ mẹ́rin ti wà nílẹ̀, wọ́n ń ka ìwé kan náà, wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ́jọ́ ń pàṣẹ fún àwọn yòókù bí ọ̀gágun.

Inú Àǹtí Amọ̀nà dùn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àyà rẹ̀ já.

Ìyá Àgbà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọkọ ọmọ mi ò fẹ́ gbọ́ tèmi. Ó rò pé mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun ni. Mi ò fẹ́ gbà á. Kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi ni mo ń wí. Àwọn èèyàn etí òkun náà ń lo jígí ojú."

"Mo gbọ́, Mà."

"Mo sì rí bó ṣe ń wò ọ́. Mi ò ní kó má fẹ́ ẹlòmíì. Ọmọ mi ti lọ, kò ní padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fi sílẹ̀ yìí ni mò ń rò."

Àǹtí Amọ̀nà ì bá fẹ́ kí obìnrin náà burú díẹ̀, kó lè rí nǹkan bínú sí.

Lọ́jọ́ kejì, Oníjígí wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé àpò kankan dání.

"Olólùfẹ́ mi, mo ti ro gbogbo rẹ̀," ó ní. "Mo lè fi í sí kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á máa rí àwọn ọmọ mìíràn níbẹ̀. Mo lè gba olùkọ́. Àwọn òbí kan ń pàdé ní gbọ̀ngàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo lè mú un lọ. Ọ̀nà pọ̀. Sọ èyí tí mo máa ṣe. Èyí tó o bá ti sọ, ó parí."

Àǹtí Amọ̀nà mọ̀ pé bóun bá mú ọ̀kan nínú wọn, ó máa gbà. Kò ní bi í léèrè. Yóò dúró sí ìlú yìí, yóò máa po tíì, bóyá ọdún tó ń bọ̀ wọn á ṣègbéyàwó. Ọmọ náà á sì tún padà sórí àga gíga yẹn.

"O rí i lánàá," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ṣé o rí i?"

Oníjígí gbójú sílẹ̀. "Mo rí i."

"Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń ka ìwé kan. Kò sí ìwé tí mo lè rí fún ọ tó lè ṣe ìyẹn. Mú un lọ. Má sì fi í ránṣẹ́ láìsí ìwọ. Kò gbọ́dọ̀ tún pàdánù òbí kejì."

"Nígbà náà, bá wa lọ. Fẹ́ mi, ká jọ lọ."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"A ó gbé e dání."

Ó mi orí. Ó ti dán an wò rí, ó gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú òun lọ sílé. Yàrá rẹ̀ nìkan ló kù tó mọ̀ láyé.

"Èmi á dúró dè ọ́ nígbà náà," ọkùnrin náà ní.

"Títí di ìgbà wo? Títí bàbá mi á fi kú?" ó ní. "Olówó orí mi, mi ò lè máa wo ojú Bàbá láràárọ̀ kí n máa retí ìyẹn. Má jẹ́ kí n di irú èèyàn bẹ́ẹ̀."

Oníjígí bo ojú. "Olówó orí mi" tó pè é yìí, kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì mọ̀ pé òun ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ó dìde, ó gbá a mọ́ra, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn òbí mìíràn fi kanlẹ̀kùn.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n lọ. Ní ibùdókọ̀, àwọn awakọ̀ ń pariwo orúkọ ìlú, ẹrù ń gun òrùlé ọkọ̀. Ìyá Kékeré so mọ́ Àǹtí Amọ̀nà níbàdí.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká máa lọ?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ràn wa ni?"

"Mo fẹ́ràn yín gan-an."

"Ẹ̀yin náà ẹ wọlé sọ́kọ̀ nígbà náà. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Bàbá rẹ̀ gbé e wọlé. Lójú fèrèsé, Oníjígí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé jígí, ó sì ń sọ nǹkan tí ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí Àǹtí Amọ̀nà gbọ́. Ọkọ̀ yí, ó gba ojú títì, ó lọ.

Àǹtí Amọ̀nà lọ síbi iṣẹ́. Tọkọtaya kan ti ń dúró dè é lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń jà lórí kíláàsì tí ọmọ wọn máa ṣe. Ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó bá wọn yọ ohun tó pọ̀ jù kúrò. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀, ó jókòó kọjú sí i, omijé sì ń bọ́ sílẹ̀ tó-tó-tó. Bàbá náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò ó.

"Màdáámù, ta lẹ ń sunkún fún?"

"Ọkùnrin kan ni, Bàbá. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ó kú ni?"

"Rárá. Ó lọ síbi tó yẹ kó lọ."

Bàbá rò ó. "Ṣé ó mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun?"

"Ó mọ̀, Bàbá."

"Ẹ kú ìrọ́jú," bàbá náà ní. Ó gbé ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ sórí àwo, ó sì rọra tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jẹun. Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Òótọ́ ni, kò tíì jẹun. Ó mú búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́.