Àká Iná Tó Mọ Àgbà

Ní ọdún 2140, ẹ̀rọ kan wà ní Àbà Olókùúta tó mọ ọjọ́ orí gbogbo ará abúlé. Àká-iná ni wọ́n ń pè é. Bí àká ṣe ń tọ́jú àgbàdo ló ń tọ́jú agbára tí sólà orí òrùlé bá gbà lọ́wọ́ oòrùn, tí ó sì ń pín in kiri ilé. Ìbídùnní, ọmọ abúlé náà tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ lókè òkun, ló kọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù kankan o. Pípín iná rẹ̀ ni wàhálà.

Bàbá Láníhùn, baálẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, ló béèrè lọ́wọ́ Ìbídùnní pé, "Bí iná bá kéré, ta ni yóò kọ́kọ́ mú?"

"Bàbá, ibi tí ọ̀ràn bá ti le jù ni kó lọ."

"Ta ni yóò máa wọn líle ọ̀ràn? Bí a bá pín ẹran, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Àbí ìwé tí o kà ti jẹ́ kí o gbàgbé ilé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìbídùnní. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ó mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó to orúkọ gbogbo ará abúlé sínú ẹ̀rọ, láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Àwọn àgbà sì rọ̀jò àdúrà lé e lórí.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo ojú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ keje, Àyọ̀ká bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú àpótí amọ́mọ-móoru nílé ìgbẹ̀bí. Àká-iná kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń kọ ti gbogbo ọmọ tuntun. Òun ló wá kéré jù lábúlé. Nígbà tí agbára kù díẹ̀, ìsàlẹ̀ àwọn orúkọ náà ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Agbẹ̀bí jáde lọ wo aláboyún mìíràn. Kó tó padà, àpótí ti tutù, ọmọ ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àyọ̀ká di ọwọ́ Ìbídùnní mú. "Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ẹ ti gbìyànjú. Ọyẹ́ ló fà á."

Ìbídùnní kò lè gbé ojú sókè. Ó ti wo àkọsílẹ̀ àká-iná. Ó dìde, ó kọrí sí ilé baálẹ̀.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ẹní amóoru tó ń lo iná, torí ọyẹ́ ń jẹ egungun rẹ̀. "Ó mà ṣe o," ló wí. "Ṣé iná tán pátápátá ni?"

"Kò tán, Bàbá."

"Níbo ló wà nígbà náà?"

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Abẹ́ ẹsẹ̀ yín ló wà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára, mo sì ṣe é."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní náà, ó fi wọ́n lé sìmẹ́ńtì. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ló wí, kò sì parí òwe náà. "Ta ni yóò sọ fún Àyọ̀ká?"

"Èmi ni."

"Àwa méjèèjì ni." Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Kò wọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká, ó tún di ọwọ́ Ìbídùnní mú, ó sì tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ rẹ̀.