Ẹni Tó Ń Fi Eyín Já Òwú

Mo jẹun ọ̀sán tán, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi padà, mo sì rí i pé ẹnì kan ti tú apá méjèèjì lára aṣọ tí mo rán láàárọ̀. Ó ká wọn dáadáa, ó kó wọn lé orí máṣìnì. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, mi ò sì ní ọmọṣẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ló ni aṣọ náà. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é nílé, torí kó tó lọ sílé ọkọ, ẹ̀rín rẹ̀ a máa jí aládùúgbò. Aṣọ alápá gígùn kẹta tó ní kí n rán nìyí, ooru sì mú débi pé ó wù mí kí n bọ́ awọ ara mi kọ́ sára háńgà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó bo ọrùn ọwọ́ o," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ṣáà bá mi bo àṣírí." Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo bá a bò ó, mo tún ń pe ara mi ní ẹ̀gbọ́n gidi.

Mo tún apá náà rán, mo gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè le. Mo tilẹ̀kùn, mo lọ ra bọ́tìnì. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tú u. Mo mú òwú náà lọ síbi fèrèsé. Àlùmọ́gàjí kọ́ ló gé e. Eyín ló já a, itọ́ ṣì tutù lẹ́nu rẹ̀.

Màmá wa nìkan ni mo mọ̀ tó ń já òwú báyìí, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló ni máṣìnì yìí. Ọdún kẹrin rèé tí a ti sin ín.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí Ẹlẹ́rìn-ín fi wọlé.

"Ta ló tú u?"

"Màmá ni."

Kò bi mí bóyá orí mi ti dàrú. Ó fọwọ́ kan òwú náà, ó bọ́ èyí tó wà lára rẹ̀, ó wọ aṣọ aláìlápá náà. Nínú dígí, mo rí àmì ìka márùn-ún ní apá rẹ̀, àwọn kan ti ń ṣá, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dúdú. Ojú tì mí. Àṣírí ọkọ rẹ̀ ni mo ti ń rán aṣọ bò, kì í ṣe tirẹ̀.

"Mo máa ń múnú bí i ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Rárá. Kò sí ohun tí o ṣe tó fi yẹ kó lù ọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ lónìí."

"Yàrá ẹ̀yìn wà. Ó wà lónìí, ó wà lọ́la."

Oṣù keje rèé tó ti ń gbé ibẹ̀. Ọkọ náà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ni bọ́tìnì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó kan ti ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sá lọ. Ẹ̀rín tí àbúrò mi rín lọ́jọ́ náà kó aládùúgbò jáde. Ó ń gé aṣọ báyìí, mo ń rán an, inú mi sì ń dùn tí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Lánàá, obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí kó aṣọ wá, òógùn bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, apá gígùn ni mo fẹ́," ló rọra wí. Èmi àti Ẹlẹ́rìn-ín wo ojú ara wa, ó sì gbé àga fún un. Mo na ọwọ́ sí òwú tuntun tí mi ò tíì fà bọ inú abẹ́rẹ́.

Ẹnu òwú náà ti tutù fún itọ́.