Àyíká Adágún Òkè Àdó

Orí Òkè Àdó ni Báyọ̀dé àti Abigail ti kọ́kọ́ pàdé, bẹ́ẹ̀ ibùdókọ̀ kan náà, Command, làwọn méjèèjì ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Báyọ̀dé bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Áńgílíkà rẹ̀ ní Ìpájà lọ najú. Abigail bá ìjọ Aládùúrà tiwọn lọ gbàdúrà.

Gígun òkè náà ló le. Téèyàn bá ti dókè, ọ̀nà tó yí adágún odò ká tẹ́jú, àpáta àti koríko ni. Abigail ń dá rìn nínú sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Báyọ̀dé rí i pé ó ń tiro.

"Ẹ kú ìrìn o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Àpáta yìí ló gbóná jàre."

"Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ ibí, koríko wà níbẹ̀."

Wọ́n jọ ń lọ. Abigail ní òun ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Báyọ̀dé ní ìṣirò lòun ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Omi náà pa rọ́rọ́, ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i ká tán, Abigail ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un yí." Wọ́n tún un yí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dúró de ara wọn ní Command. Kò pẹ́ tí Abigail fi yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu, tó ń pè é ní ìfẹ́ mi.

Nígbà tí Báyọ̀dé wá sọ nílé wọn pé òun fẹ́ fi í ṣaya, bàbá Abigail, Alàgbà Zacchaeus, kọ̀.

"Ọmọ mi, mi ò kórìíra rẹ," ló wí fún Báyọ̀dé. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa fẹ́ Abigail, ó ní láti wọ sùtánà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Tí mo bá wọ̀ ọ́ torí ọmọ yín nìkan, irọ́ ni mo pa fún yín."

"A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti tán."

Abigail sunkún. "O ò bá ṣá wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni."

"Ìfẹ́ mi, tí mo bá lè purọ́ fún bàbá rẹ, ṣé mi ò ní purọ́ fún ọ lọ́jọ́ kan?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Abigail. Ó yí ibi tó ti ń wọkọ̀ padà. Báyọ̀dé ò rí i mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì rù.

Nígbà tí ìjọ Aládùúrà wọn tún lọ sí Òkè Àdó, Abigail àti bàbá rẹ̀ jọ ń rìn létí odò náà.

"O ò jẹun dáadáa mọ́," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ rántí Olúdayọ̀ tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi. Ó wọ sùtánà. Nígbà tó ríṣẹ́ sí Kánádà, ó fi èmi àti sùtánà sílẹ̀. Báyọ̀dé ní òun ò ní purọ́ fún yín, ẹ lé e. Èmi náà bínú sí i. Mo ṣì í ṣe."

Alàgbà Zacchaeus dúró, ó ń wo omi.

"Pè é. Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbí?"

"Ó wà, sà."

Abigail pè é. Bàbá gba fóònù. "Báyọ̀dé, èmi ni. Mú àwọn òbí rẹ wá sílé lọ́jọ́ Sátidé." Ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀, ó sì rìn síwájú.

"Má bínú sí mi," ni Abigail wí sínú fóònù.

"Mi ò bínú. Àárò rẹ ló ń sọ mí."

Ilé ìjọsìn Áńgílíkà ní Ìpájà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Alàgbà Zacchaeus wọ sùtánà rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Báyọ̀dé sin ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìjọ Aládùúrà ní Gowon Estate, ó bá a tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ.