Òrúrù Ilé Alfa Rájí

Àdá ló wà lọ́wọ́ Jimoh lọ́jọ́ tí Alimat kọ́kọ́ rí i, igi òrúrù Alimat ló sì ń wò.

Alfa Rájí, bàbá Alimat, ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Tudun Wada, fẹ́ fi yàrá kan kún ilé kéwú rẹ̀. Ó bẹ Jimoh, bíríkìlà tó wà lára àwọn tó ń kọ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, pé kó wá bá òun ṣe é lọ́jọ́ ìsinmi. Ibi tí ògiri máa gbà gan-an ni òrúrù dúró sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e," ni Alimat wí. "Ìlọrin ni mo ti mú hóró rẹ̀ wá. Ó fẹ́lẹ́ débi pé atẹ́gùn fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Inú agolo ni mo kọ́kọ́ gbìn ín sí. Ọyẹ́ dé, mo fi àkísà bò ó. Ewúrẹ́ jẹ ewé rẹ̀, mo fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká. Omi tí mo bá fi fọ ìrẹsì, ìdí rẹ̀ ni mo ń dà á sí. Bó bá tanná, gbogbo àdúgbò yìí ló máa rí i, á pupa bí iná."

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu Alimat. Jimoh gbọ́ ọ títí ó fi sọ ọ́ tán, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn ará ilé ṣe máa ń ṣe. Ó rìn yí igi náà ká, ó gbé àdá sílẹ̀.

"Igi yìí rí ìtọ́jú o," ló wí. "Àmọ́ tó bá wà níbí, gbòǹgbò rẹ̀ á la ògiri. Jẹ́ kí òjò rọ̀ dáadáa, a ó hú u, a ó sì tún un gbìn síwájú ilé."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Alimat ti fà sí i.

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, Jimoh gbẹ́ ilẹ̀ yí igi náà ká, ó gbẹ́ ẹ jìnnà kí erùpẹ̀ má baà já kúrò lára gbòǹgbò, ó sì fi àpò ìdọ̀họ tútù dì í. Alimat lọ pọn omi. Kó tó dé, Jimoh ti gbin igi náà síwájú ilé, ó ti gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ó gé orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Alimat bá níwájú ilé dà bí ọmọ odó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

"Gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara gbọgbẹ́ kò lè bọ́ ewé tó pọ̀ tó yẹn," Jimoh ṣàlàyé. "Ṣe sùúrù, Alimat. Á tún rúwé."

Alimat wọlé, ó di kùnrùngbùn, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ ju kó kí wọn lọ. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí Jimoh bá ti ibi iṣẹ́ yà wá so igi náà mọ́ òpó, ó ń bá ìdí rẹ̀ ní tútù. Orí rẹ̀ wú sí ọmọbìnrin náà: ó ń bínú, kò sì jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ igi.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Hàwáwù, àbúrò Alfa, pe Alimat sí yàrá.

"Bàbá rẹ fẹ́ fi ọ́ ṣe ìyàwó sàráà fún Alfa Àbdùlkàrímù tó wà ní Mando. Kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ni. Ṣé o gbà?"

Alimat gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rò pé ojú òun ti sọ pé òun kò gbà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Mùsùlùmí, bí wọ́n bá fi ọkọ lọ wúńdíá, tó sì dákẹ́, ìtìjú ni wọ́n kà á sí, ó ti gbà nìyẹn. Tayọ̀tayọ̀ ni Ìyá Hàwáwù fi jáde.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ewé tuntun yọ lára òrúrù. Inú Alimat dùn, ó gbàgbé ìbínú, ó sáré pàdé Jimoh lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá Jimoh, ẹ wá wò ó, ó ti rúwé. Ẹ dárí jì mí."

Jimoh wo ewé náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún fà ro. "Alimat, mo fẹ́ràn rẹ. Mo ti fẹ́ bá Bàbá sọ ọ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé o ti gba Alfa Àbdùlkàrímù, pé ọ̀la ni yìgì."

"Ta ló gbà?"

"Wọ́n ní o dákẹ́."

Alimat wọlé, ó bá bàbá rẹ̀ àti Ìyá Hàwáwù níbi tí wọ́n jókòó sí, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, nítorí igi ni inú ṣe ń bí mi tí mo fi dákẹ́. Mi ò gbà. Mi ò fẹ́ Alfa Àbdùlkàrímù."

"Haba," ni Ìyá Hàwáwù wí. "Wọ́n ti pín obì goro ìgbéyàwó ní Mando. Ojú wo la fẹ́ fi wò wọ́n?"

Alfa Rájí mí kanlẹ̀. Ìtìjú náà dùn ún, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé a kì í fi tipá so yìgì," ló wí. "Èmi fúnra mi ni màá lọ bẹ̀ wọ́n ní Mando." Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. Jimoh ń tún okùn igi so. Ògiri ti parí tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é, ó sì ń wá. "Jimoh yìí ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ìtìjú gidi wá mú Alimat. Ó dorí kodò, ẹnu rẹ̀ kò là. Ìyá Hàwáwù ti ń mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ èsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Alimat gbé ojú sókè.

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

Ó sọ ọ́ sókè débi pé Jimoh gbọ́ ọ.

"Èmi náà fẹ́ ẹ, Bàbá," Jimoh dáhùn láti ìta, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.