Irinṣẹ́ Ìdánwò Saeedah

Ẹsẹ̀ lásán ni Saeedah fi dúró nínú ẹrẹ̀, tó ń ṣa irinṣẹ́ ìyàwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjì ti ká òrùlé yàrá wọn lọ, igi àjà sì ti wó lé àpò ilé-ìwé rẹ̀. T-square rẹ̀, rúlà gígùn olórí tí wọ́n fi ń fa ìlà gbọọrọ, ti kán sí méjì. Àwọn rúlà onígun mẹ́ta ti fọ́ yángá. Kọ́ńpáàsì àti pẹ́ńsù rẹ̀ nìkan ló yè.

"Màmá, ìdánwò mà ti dé tán," ló wí, omijé lé ròrò sí i lójú.

Ìyá rẹ̀, tó ń ta gèrò àti ọkà bàbà ní ọjà Ìpàtà, wo òrùlé tó ṣí sílẹ̀, ó tún wo ọmọ rẹ̀. "Alihamudulilahi pé kò wó lé ìwọ lórí. Ṣùgbọ́n Saeedah, páànù la máa kọ́kọ́ rà. Mi ò mọ ibi tí ti irinṣẹ́ máa gbà wá."

Saeedah mọ̀ pé òótọ́ ni. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Òun nìkan ni ọmọbìnrin tó ń ṣe Technical Drawing ní kíláàsì wọn, òun náà ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, tíṣà wọn, ti là á mọ́lẹ̀ pé kí kálukú mú irinṣẹ́ tirẹ̀ wá, nítorí kò ní sí yíyá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Lọ́jọ́ kejì, Toyyib, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fà á sẹ́yìn kíláàsì. Ó ṣí àpò tuntun kan. Gbogbo ohun tí Saeedah pàdánù ló wà níbẹ̀, tí ó ń dán gbinrin.

"Mo gbọ́ nípa ilé yín, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Toyyib wí. "Dádì mi ra méjì fún mi. Mú ọ̀kan, tìẹ ni. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa jókòó sí. Tó o bá ti ya tìẹ tán, ká pààrọ̀ pépà nígbà tí wọ́n bá kọ̀yìn sí wa, kó o wá ya tèmi."

Saeedah fọwọ́ kan rúlà náà. Ọkàn rẹ̀ fà sí i gan-an. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó rò ó síwá sẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, àtòun àti Toyyib ló gbé. Bí ọwọ́ kò bá sì tẹ̀ wọ́n, irọ́ ni Toyyib yóò gbé kiri. Ó ti àpò náà padà.

"Mi ò lè ṣe é, Toyyib. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ máa lo irinṣẹ́ ẹ, kí n kọ́ ẹ."

Toyyib bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́ èmi? Ó dáa, ìka ọwọ́ ni kó o fi ya tìẹ."

Saeedah sunkún délé. Ó bá Búọ̀dá Salahudeen, àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, lórí òrùlé tó ń kàn. Bó ṣe rí àjẹkù igi nílẹ̀, ẹkún dá.

"Búọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi igi ṣe T-square?"

"Mi ò ṣe é rí. Yà á kí n rí i."

Ó yà á. Wọ́n gé igi, wọ́n fá a, wọ́n kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí Saeedah fi fa ìlà, ìlà náà wọ́. Wọ́n tú u, wọ́n tún un kàn títí ó fi gún régé. Fún rúlà onígun mẹ́ta, Saeedah fi kọ́ńpáàsì wọn igun rẹ̀ sórí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, Búọ̀dá sì fi ayùn gé e. Ohun tó ti ń há sórí nípa igun láti ọjọ́ yìí wá yé e wàyí, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánrawò ní kíláàsì, iṣẹ́ Saeedah ni tíṣà gbé kọ́ sára ògiri. Òfo ni Toyyib gbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yọ sí wọn lágbàlá, ojú ń tì í.

"Saeedah, má bínú sí mi. Ṣé o ṣì lè kọ́ mi?"

"Fa àga yẹn wá," ni Saeedah dáhùn.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yàwòrán títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùṣọ́ ìdánwò gbé T-square onígi náà sókè.

"Kí lèyí? Ta ló ṣe é?"

"Èmi àti àbúrò ìyá mi ni, sà."

Ọkùnrin náà fi fa ìlà kan sórí ìwé tirẹ̀, ó fi rúlà mìíràn wọ̀n ọ́n wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó gún. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ." Saeedah ní "Bísímílà," ló bá bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, A1 ló gbà. Toyyib náà yege, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi yege. Ìyá Saeedah jó láàárín àpò gèrò, àwọn oníbàárà sì ń bá a pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni yunifásítì gba Saeedah wọlé láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè wá pẹ́ńsù, rúlà àti ohun gbogbo tí ìdánwò ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lórí àti òtítọ́ tó wà lọ́kàn, ìyẹn ni kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ nílé. Saeedah kó gbogbo rẹ̀ dání wọ gbọ̀ngàn, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì jáde.